Pẹ̀tẹ́lẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì nínú àwòrán ọkọ̀ òfurufú MESSENGER: ṣé láfà (òkúta yíyọ́ tó ṣàn láti inú òkè iná) ni?

ỌmọÀgọ́Ìwòyè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ya máàpù pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí Caloris ká, ìyẹn kòtò ràgàjì tí òkúta òfurufú gbẹ́ síbẹ̀. Mítà 250 ni píksẹ́lì (àmì tó kéré jù nínú àwòrán) kan. Ó tẹ́jú rekete, mo bá kọ "láfà" sí i. Wọ́n ní n kò ní ẹ̀rí. Kí ni kí n máa wò? Àwọn kòtò kan tún ń rí bí òkè lójú mi.

Ẹrẹ́dò: Ti kòtò ná, àbúrò. Ó ti mọ́ ojú wa lára pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Yí àwòrán náà títí oòrùn yóò fi máa tàn láti òkè rẹ̀, kòtò á padà di kòtò. Àwòrán tí oòrùn rẹ̀ rẹlẹ̀, tí òjìji gùn, ni kí o fi wo gíga ilẹ̀. Èyí tí oòrùn wà lókè téńté, àwọ̀ ló wà fún. Ó ṣáà sàn ju Ẹrẹ́dò Súngbọ́ tiwa, tí igbó bo yàrà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

OlókùútaṢágámù: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Cayley lórí òṣùpá náà tẹ́jú, wọ́n sì gbà pé òkè iná ló ṣe é, àfìgbà tí àwọn arìnrìn-àjò òṣùpá Apollo 16 kó àfọ́ òkúta tó lẹ̀ pọ̀ bọ̀ níbẹ̀ ní 1972, ìyẹn iṣẹ́ òkúta tó já lu ilẹ̀, kì í ṣe ti òkè iná. Ààlà ni kí o wò. Láfà máa ń ṣàn yí òkè kéékèèké ká, bí omi ìkọ́kọrẹ́ ṣe ń yí kókó rẹ̀ ká kó tó ki. Wá kòtò tó ti rì, tó ku òrùka etí rẹ̀ nìkan. Gíga etí bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ ká fojú díwọ̀n bí láfà ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn náà, ka kòtò: ilẹ̀ tí kòtò pọ̀ sí jù ló dàgbà jù. Bí àfọ́ tí Caloris tú jáde bá ni, ọjọ́ orí wọn á dọ́gba. Bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá kéré sí Caloris lọ́jọ́ orí, kì í ṣe àfọ́ Caloris, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ láfà.

ỌmọÀgọ́Ìwòyè: Ṣé kí n kà láti kìlómítà 1?

OlókùútaṢágámù: Rárá o! Píksẹ́lì 4 péré nìyẹn. Kòtò tí kò tó píksẹ́lì 10, ìyẹn kìlómítà 2.5, ọ̀pọ̀ ni yóò bọ́ mọ́ ọ lójú. Kódà nísàlẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 10, ọmọ kòtò pọ̀ níbẹ̀, èyí tí òkúta tó fò jáde láti inú kòtò ńlá gbẹ́. Wọ́n máa ń tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣù jọ. Yọ wọ́n, kí o sì yọ ilẹ̀ tí wọ́n gbà kúrò nínú ìṣirò. Má ka kòtò tó rì mọ́ ọn, ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni.

Ẹrẹ́dò: Má sì wọn ilẹ̀ lórí máàpù onígun mẹ́rin lásán. Ní 30° àríwá, ó ti fẹ ilẹ̀ lójú ní nǹkan bíi 15%. Ní 60°, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kọ "pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó jọ̀lọ̀" sí máàpù fún ìgbà yìí, kí "láfà" wà ní òpó ọ̀tọ̀.