Ọkọ̀ ló ń jẹ́ "ajubọ́ǹbù", kì í ṣe bàbá

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: ọmọ kan ń kọ ìwé ìrántí bàbá rẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá yìí wà lára àwọn tó ń bá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ òfurufú lóru lọ sí Jámánì nígbà ogun Hitler, láti lọ rọ̀jò bọ́ǹbù. Kí ni ká pè é ní Yorùbá, ẹni tí Òyìnbó ń pè ní "bomber crewman"? Ẹnì kan ní "ajubọ́ǹbù". Ẹlòmíràn ní "atukọ̀ òfurufú". Ẹnì kẹta ní ká kúkú pè é ní "akọni ojú ọ̀run", kó parí síbẹ̀.

N kò fara mọ́ ìkankan, àkọ́kọ́ ló sì burú jù. Bí rédíò bá pe "ajubọ́ǹbù" lónìí, agbésùnmọ̀mí ni gbogbo ilé ń rò. Ṣé ohun tí ọmọ fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀ nìyẹn?

Ẹ tún wo inú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èèyàn méje ló ń wọ Lancaster, ọkọ̀ òfurufú ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ju bọ́ǹbù nígbà náà. Awakọ̀ wà níwájú, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì àti epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni atọ́nà, tí wọ́n ta aṣọ bò kí iná tábìlì rẹ̀ má baà hàn síta; máàpù àti rúlà ló ń bá ṣeré ní gbogbo òru. Oníwáyà wà. Oníbọn méjì wà, ọ̀kan lókè ẹ̀yìn ọkọ̀, èkejì ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, òun nìkan nínú òtútù tó ń dì í lọ́wọ́. Ẹnì keje ló dojú bolẹ̀ ní imú ọkọ̀, tó ń wo ìsàlẹ̀ nínú awò, tó ń sọ fún awakọ̀ pé "òsì, òsì… ọ̀tún díẹ̀… mú un bẹ́ẹ̀", kó tó tẹ bọ́tìnì. Bí "ajubọ́ǹbù" bá tọ́ sí èèyàn kankan, ẹni yìí ni. "Atukọ̀" náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín.

Ẹ mú Johnny Smythe, ọmọ Freetown ní Sàró. Atọ́nà ni. Wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ wọn bọ́ ní Jámánì ní November 1943, ó fi agbòòrùn òfurufú (parachute) bọ́ sílẹ̀, àwọn Jámánì sì mú un. Ẹ̀wọ̀n ogun ní Barth, ní Jámánì, ló wà títí di 1945, kó tó wá di lọ́yà ńlá nílùú rẹ̀. Bọ́tìnì yẹn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí kọ "ọmọ ogun òfurufú" lásán, kó sì dákẹ́. Láìsí atọ́nà, ọkọ̀ kì í dé Hamburg, ìlú ńlá kan ní Jámánì. Ní July 1943, iná tí bọ́ǹbù dá sílẹ̀ níbẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 30,000, tìyá tọmọ. Ẹni tó ń sunkún bàbá rẹ̀ náà ń ríran; ẹ jẹ́ kí bọ́ǹbù wà nínú orúkọ náà.

Tèmi ni "ọmọ ogun ọkọ̀ ajubọ́ǹbù". Ọkọ̀ ló ru ọ̀rọ̀ tó wúwo, èèyàn inú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí ọmọ ogun ojú omi ṣe wà nínú tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gùn. Ẹni tó bá fẹ́ gé e kúrú, kó má ṣá gé e sí "ọmọ ọkọ̀", ká má baà sọ bàbá olóyè di kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó.

Ní ti "akọni", n kò jiyàn. Nínú bíi 125,000 tó wọ iṣẹ́ yìí lábẹ́ Bomber Command, ẹ̀ka ọkọ̀ ajubọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, 55,573 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọdún 25. Bankole Vivour, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kú lóru tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg ní Jámánì ní ìparí March 1944, òru kan ṣoṣo tí ọkọ̀ 95 kò padà. Akin Shenbanjo ní tirẹ̀ gba DFC, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún akọni ojú òfurufú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ "The Black Prince" (Ọmọ Ọba Dúdú) sára Halifax, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù wọn, nítorí rẹ̀. Akọni ni wọ́n. Àmọ́ ọmọ ló ń fi ìyẹn ki bàbá, atúmọ̀ èdè kọ́. Kódà, ère èèyàn méje inú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù kan tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní Green Park, London, ní 2012, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún ìrántí àwọn ará gbogbo orílẹ̀-èdè tí bọ́ǹbù pa pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ náà máa nílò. Lílọ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìjáde". Ọgbọ̀n ìjáde ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fún wọn nísinmi. "Sáà" ni mo máa pe ìyẹn. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dáa ju "oníbọn ìdí ọkọ̀" lọ, kó mú un wá. N kò fẹ́ràn rẹ̀.