Báwo ni a ṣe lè wọn agbára ẹsẹ̀ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù?

Àkọ́bí Ọkùnrin béèrè:

Mo kí gbogbo ilé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ òsì ló sì mú. A dúpẹ́ pé wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé báyìí. Ohun tó ń rú mi lójú ni nọ́ńbà tí àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ń kọ sínú fáìlì wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ "4 nínú 5" fún iṣan iwájú itan òsì, nọ́ńbà náà kò sì kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú wọn rí i pé ẹsẹ̀ náà ti lágbára ju ti ìgbà yẹn lọ: nígbà yẹn, èmi ni mo máa ń dì wọ́n mú lábẹ́ apá kí wọ́n tó lè dìde lórí àga, ṣùgbọ́n ní báyìí, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé apá àga, wọ́n á sì dìde fúnra wọn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn mìíràn, "3" ni wọ́n kọ níbẹ̀. Èwo ni kí a gbà gbọ́? Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà tí yóò fi hàn bóyá ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Owó tí à ń san kò kéré, àwọn àbúrò mi sì ti ń béèrè pé kí ni à ń rí gbà níbẹ̀.

Físíò Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá ìtọ́jú dúró nítorí nọ́ńbà yẹn. Medical Research Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ìwọ̀n 0 sí 5 yìí jáde lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, fún àwọn tí ọgbẹ́ ti ba fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sínú iṣan jẹ́. 0 ni pé iṣan kò mira rárá. 1 ni pé iṣan sọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. 2 ni pé ẹsẹ̀ lè sún níbi tí ìwúwo rẹ̀ kò ti dí i lọ́wọ́. 3 ni pé ó lè gbé ìwúwo ara rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò lọ sílẹ̀. 5 sì ni agbára pípé. Gbogbo ohun tó kù láàárín 3 àti 5 ni a kó sábẹ́ 4. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè borí ju agbára ìka méjì lọ, 4 ni. Ẹni tí mo ní láti fi gbogbo èjìká tì kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, 4 náà ni. Nítorí náà, agbára bàbá lè di ìlọ́po méjì kí nọ́ńbà náà má mira. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ náà sì tún ń dá sí i, nítorí pé agbára físíò kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Ohun tí mo fara mọ́ jù ni ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́dìmú tí à ń pè ní dynamometer. Aláìsàn yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì gíga, orúnkún yóò tẹ̀ ní ìwọ̀n digírì 90, àtẹ́lẹsẹ̀ kò sì ní kan ilẹ̀. A ó gbé ojú ẹ̀rọ náà lé ojúgun, díẹ̀ sókè ọrùn ẹsẹ̀, a ó sì ní kí ó na ẹsẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lo gbogbo agbára rẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5. A ó jẹ́ kí ó sinmi, a ó ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sì kọ ìpíndọ́gba rẹ̀ ní kílò tàbí ní newton, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára. Iṣan itan lágbára púpọ̀, ó sì máa ń ti ọwọ́ ẹni tó di ẹ̀rọ mú sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi bẹ́líìtì so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí a kò bá so ó, agbára apá físíò ni a lè máa wọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn wa ló ní in, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ dáhùn:

Mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé, nínú àrùn yìí, inú ọpọlọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú iṣan. Ẹlòmíràn kò lè na orúnkún nìkan. Bó ṣe ń nà án ni ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Bí a bá wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ lónìí, tí a sì wọ̀n ọ́n ní ìjókòó lọ́la, èsì méjì lè jáde láìjẹ́ pé agbára rẹ̀ yí padà. Bí iṣan ẹ̀yìn itan bá sì ti le, tó ń fà gan-an, yóò mú kí ti iwájú dà bí aláìlágbára. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ipò tí bàbá wà sínú fáìlì méjèèjì.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ẹ̀rọ, Motricity Index, tó jáde lọ́dún 1980. Ohun mẹ́ta ni à ń wò ní ẹsẹ̀: gbígbé itan sókè, nínà orúnkún, àti gbígbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba 0, 9, 14, 19, 25 tàbí 33. A ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì fi 1 kún un kí ó lè pé 100. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kejì ni a fi ń ṣe òdiwọ̀n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tí à ń pè ní èyí tó dára náà ti dín ní agbára nítorí ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́.

Ìyàwó Alàgbà dáhùn:

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró ti bàbá. Àga ni wọ́n kọ́ wa láti fi máa wọn ti ọkọ mi nílé. A ó fi ẹ̀yìn àga ti ògiri kí ó má baà yọ̀, wọ́n á ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n á dìde, wọ́n á jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún, èmi á sì máa wo aago orí fóònù. Àga kan náà ni kí ẹ máa lò, torí pé àga tó ga máa ń mú un rọrùn. Bí bàbá kò bá lè ṣe é láìlo ọwọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi tì í, kí ẹ má sì fi í wé ọjọ́ tí wọn kò bá lo ọwọ́. Kí ẹnìkan dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì wọn o, kí wọ́n má baà ṣubú.

Àkọ́bí Ọkùnrin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti lóye ọ̀rọ̀ 4 yẹn wàyí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí bàbá bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n máa ń fà sẹ́yìn, tí òsì á wà níwájú. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀tún nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà?

Físíò Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ríran dáadáa. Ìdí nìyẹn tí aago nìkan kò fi tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010, ìṣẹ́jú àáyá 12 ni wọ́n fi ya àwọn tí àrùn yìí ti kọlù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dìde lè yára sí i kí ẹsẹ̀ òsì má yí padà. Ẹ rí i pé gìgísẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè rí ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara, irú méjì tó ga bákan náà, ẹ jẹ́ kí bàbá dúró, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí tirẹ̀, kí ẹnìkan dúró tì wọ́n láì gbé wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹsẹ̀ òsì gbé sílẹ̀ ní kílò. Kì í ṣe agbára iṣan gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n yóò fi hàn bóyá ẹsẹ̀ òsì ń dá sí iṣẹ́ náà. Ẹ mú àkọsílẹ̀ aago àti ti kílò náà dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ, kí físíò bàbá lè gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 4 yẹn.