"Àbùdá àyíká" kẹ̀? Ẹja ló ni àbùdá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o.

Orúkọ Yorùbá la ń wá fún "environmental DNA", bí irú èyí tí wọ́n ń rí nínú omi òkun. DNA yìí, tí à ń pè ní àbùdá, ni àmì inú ara ohun ẹlẹ́mìí tí a fi ń mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó sọ ọ́ di "àbùdá àyíká", ẹ má bínú, etí mi kọ̀ ọ́. Ta ló ni àbùdá ọ̀hún? Ẹja mà ni! Ìpẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, omi yíyọ̀ ara rẹ̀ ló bọ́ sómi. Wọ́n á bu omi náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ka àbùdá tó lẹ̀ mọ́ asẹ́, wọ́n á sì mọ irú ẹja tó gba ibẹ̀ kọjá. Òkun kàn bá a gbé e dání ni.

Ẹ ní "ẹja òkun" kì í ṣe ẹja tí òkun bí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹja lè dá dúró. Àbùdá ò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín, bí orí, bí ojú, bí ìwà. Bí mo bá ní "orí òkè Olósùnta", ará Ìkéré wo ló máa wá orí tí ẹnìkan gbàgbé sórí àpáta? Òkè ló ni orí yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àbùdá àyíká" ṣe ń dún bíi pé àyíká ló ni àbùdá.

"Àbùdá àbọ́sómi" lèmi mú wá. Ẹni tó tún un kọ ní "àbọ̀sómi", ẹ dá àmì mi padà. Bọ́ ni, bí ìyẹ́ adìyẹ ṣe ń bọ́. Àbọ̀ ni ìdajì, ìdajì ẹja kọ́ là ń wá.

Ẹ tún ní kí lará Èkìtì mọ̀ nípa òkun. Ṣé orí igi ni títùsì àti kòtè tí à ń rà lỌ́jà Ọba Adó ti já bọ́ ni? Ìyá ìyá mi ní Ìkún, tó ń ra ẹja odò Ẹ̀rọ̀, kì í yẹ inú agbada wò. Á bu omi ìfọja sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e símú: "Àrọ̀ kọ́ rèé, epìyà ni." Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Japan fi ẹ̀rọ ṣe náà nìyẹn. Ní 2015 wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n bu omi nínú táǹkì mẹ́rin tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí ní Okinawa, ní Japan níbẹ̀. Nínú irú ẹja òkun 180 tí àkọsílẹ̀ àbùdá wọn wà nílẹ̀, 168 lomi jẹ́wọ́. Èyí tí kò bá sí lákọsílẹ̀, omi ìbáà gbé e wá, ta ni yóò pè é lórúkọ?

Ní ti "àjogúnbá" tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò àbùdá, mò ń bọ̀ wá bá yín. Ilé àti oko náà, àjogúnbá ni.