Pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ yín ńkọ́? Ẹ sọ tiyín

Olùkọ́ Àná: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ni mò ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yin yunifásítì ńláńlá. Báwo ni pápá ìṣeré yín ṣe rí nígbà yẹn? Tiwa ò ju pápá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ, ewúrẹ́ ló sì ń bá wa gé koríko rẹ̀.

Ata Rodo: Ewúrẹ́ tiyín tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Inú góòlù ni tiwa ń sùn.

Jagunlabí: Ìbàdàn ni mo ti jáde ní tèmi. Àwa la gba NUGA àkọ́kọ́, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì, lálejò ní 1966.

Ata Rodo: Ṣé wọ́n ti bí ẹ ní 1966? Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké, jọ̀ọ́.

Ẹsẹ̀ Ehoro: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn. A ń múra NICEGA, ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Kò sí tíráàkì. Okùn àti èèkàn ni géèmù-máàsítà wa fi fa ìlà sórí koríko, ó wá da láìmù lé e. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mò ń sá irínwó mítà, mo dé kọ́nà, ẹsẹ̀ yọ̀, itan àti ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi balẹ̀, mo sì wọ́ lórí ìlà funfun yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò pé koríko ló ha mí ni. Mo dìde, mo sá a parí (ipò kẹrin, ẹ má rẹ́rìn-ín). Kó tó di alẹ́, awọ itan mi ti ń bó bí èèpo iṣu tí a sè. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá orí ìkòkò gbígbóná ni mo jókòó sí. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.

Jagunlabí: Láìmù kì í jó èèyàn jàre. Àwa náà lò ó, bí a bá ṣeré tán, a ó tún fi kun ojú bí eégún. Koríko ló ha á.

Olùkọ́ Àná: Jagunlabí, ẹfun lẹ fi kun ojú. Ọ̀tọ̀ ni ẹfun, ọ̀tọ̀ ni láìmù. Irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń sun nínú iná tó fi ń di láìmù. Bí omi bá kàn án, ṣe ló máa gbóná. Kódà èyí tí wọ́n ti fi omi pa tẹ́lẹ̀ ṣì máa ń jẹ awọ ara, pàápàá bí ara bá tutù. Òjò ọjọ́ yẹn ló dá kún un.

Jagunlabí: Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Olùkọ́ Àná: Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mò ń kọ́ wọn, má bú mi.

Ọmọ Èkìtì: Ọ́ìlì dúdú ni tiwa, èyí tí àwọn mẹkáníìkì bá fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ó ń pa koríko, nítorí náà ìlà kì í parẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi aṣọ funfun ṣubú lé e, o ti ra òmíràn nìyẹn.

Ẹsẹ̀ Ehoro: Ẹ ṣé, mà. Itan kọ́ ló tiẹ̀ dùn mí jù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé téèpù wá, wọ́n wọn pápá yẹn. Mítà 368! Gbogbo àkókò tí mo ti ń fi yangàn nílé!

Ata Rodo: Mo kú o. Abájọ tó ò ń sáré bí Amusan.

Jagunlabí: Tíráàkì tó péye ni Amusan ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá ọgọ́rùn-ún mítà onífífò ní Oregon lọ́dún 2022. Ẹ má fi wé ti eléwúrẹ́.

Ọmọ Èkìtì: Tiyín dára. Lọ́dọ̀ wa, ojú ìlà kan náà ni gbogbo wa ti gbéra fún irínwó mítà, tí kálukú sì gbọ́dọ̀ dúró sí lénì tirẹ̀.

Bàbá Kékeré: Kí ló burú níbẹ̀? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo máa ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta síwájú. Ojúsàájú gbáà.

Ẹsẹ̀ Ehoro: Rárá, sà. Kọ́nà ìta gùn ju ti inú lọ. Lénì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 1.22, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní lénì kejì fi ń fi mítà 7.04 ṣíwájú ti àkọ́kọ́. Ti lénì kẹjọ jẹ́ mítà 53.03. Bí ẹ bá jọ gbéra lójú kan, ìyẹn lẹ máa fi rẹ́ ẹni ìta jẹ.

Bàbá Kékeré: Kó máa yára sí i. Ṣebí eré ìje ni wọ́n pè é.

Ọmọ Èkìtì: Èmi ni mo wà ní lénì kẹjọ o.

Ata Rodo: Háà.

Aya Dókítà: Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ kánópì? Sátidé kan ò lè lọ kí wọ́n má fi pápá wa háyà fún olóde. Bó bá di Mọ́ńdè, irin kánópì á ṣẹ́kù sínú koríko. Ọ̀rẹ́ mi gun ọ̀kan, ó gba abẹ́rẹ́, ó pa eré sísá tì títí a fi jáde. Kọ́ọ̀tù básíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Róbótó kan ṣoṣo ló kù lórí òpó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àwọn ìyá kan ń sá láfún. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí i, ìwọ náà ti gbọ́ èpè.

Jagunlabí: Ó yẹ kí wọ́n lé àwọn ìyá yẹn dànù.

Ìyá Ìbejì: Lé ta ni? Ìyá mi sá láfún lórí irú kọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀. Láti inú owó láfún yẹn la ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, nínú ọgbà kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, èló lẹ ń san?

Aya Dókítà: Ẹ má bínú, mà. Bọ́ọ̀lù wa ló jẹ̀bi.

Olùkọ́ Àná: Sìmẹ́ńtì tí oòrùn ń pa bẹ́ẹ̀, láfún á tètè gbẹ lóòótọ́.

Ata Rodo: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré. Àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn nínú góòlù ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Méjì nínú wọn.