Ìdáhùn: “Àìmọ̀kan” kọ́ ni Freud ń wí

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní, tí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Freud, oníṣègùn ọkàn ará Austria, sí Yorùbá, kí a máa pe ibi tó ní àlá ti ń wá, apá ọkàn tó pamọ́ fún ẹni tó ni ín, ní “àìmọ̀kan”, kí ẹni tó lá a sì máa jẹ́ “oníàlá”. Ti èkejì kò le: oní pàdé aṣọ, ó di aláṣọ, ó pàdé àlá, ó di alálàá. Kò sí àgbà Rẹ́mọ tó máa gbọ́ “oníàlá” lẹ́nu ọmọdé tí kò ní tún un ṣe. Ti àkọ́kọ́ ni mi ò lè gbé mì.

“Àì” yẹn ló bà á jẹ́. Àìsùn, oorun ò sí níbẹ̀. Àìmọ̀kan tó mú èkúté ilé pe ológbò níjà, èkúté náà kò mọ nǹkan kan ni. Ohun tí Freud sọ ni pé alálàá mọ ìtumọ̀ àlá rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Àlá kì í ṣe àrokò tí ẹyọ owó mẹ́fà ń wí ohun kan náà fún gbogbo ẹni tó bá lè kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ṣágámù tó lálàá pé ìyá ọkọ òun ń bu ìkókoré fún òun, àmọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń jáde lẹ́nu ìyá náà, tó sì ń bínú pé iyọ̀ pọ̀. A ò ní bi í pé kí ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. A ó gé e wẹ́wẹ́: ìkókoré lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ì báà jẹ́ ìsọkúsọ, ì báà ti í lójú. Ibi tó bá ti fẹ́ fò dá, ibẹ̀ gan-an ni ká dúró sí. Ewùrà tó rí tí wọ́n ń rin lánàá ló mú ìkókoré wọlé, àṣẹ́kù ọjọ́ lásán nìyẹn. Ìyá ọkọ àti ọ̀gá tó di ẹnì kan ṣoṣo ni ìsúnkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Irma, aláìsàn kan tí Freud ń tọ́jú, ṣe dúró fún obìnrin mélòó kan nínú àlá tí Freud fúnra rẹ̀ lá ní oṣù Keje 1895. Ìbínú tó kúrò lórí ọ̀gá tó lọ bà lé iyọ̀ ni ìṣípò.

Freud ní ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń dá èrò padà. Oníbodè, tí Ìjẹ̀bú bá máa pè é. Oníbodè wo ló ń dá ohun tí kò sí padà? “Inú lọ́hùn-ún” ni kí a pe ibi tí àlá ti ń wá, kí “ìtẹ̀rì” jẹ́ iṣẹ́ oníbodè, bí a ṣe ń tẹ òtítọ́ rì.

*Ìdáhùn láti Ìjẹ̀bú-Òde:*

Àbúrò, rọra. Das Unbewusste ni Freud pè é ní èdè Jámánì, “un-” yẹn kò sì yàtọ̀ sí “àì” tí ò ń bá jà. “Kan” ni kí o bá wí: òun ló sọ ọ́ di èébú ènìyàn. Yọ ọ́ kúrò, “àìmọ̀” tó. “Lọ́hùn-ún” tìrẹ, ibìkan ló ń júwe, bẹ́ẹ̀ Freud ti kọ ọ́ ní 1915 pé ipò tí òun ń sọ kì í ṣe ojú ibì kan nínú ọpọlọ. Nílé wa, ẹni tó bá gbọ́ “inú lọ́hùn-ún”, ikùn ni yóò kọ́kọ́ dì mú.

Ìtẹ̀rì, mo gbà á. Ìsúnkì ni mi ò gbà. Aṣọ tó súnkì ti dín kù. Ìyá ọkọ àti ọ̀gá yẹn, èwo ló dín nínú wọn? Ìdìpọ̀ ni.