Ajá Tí Kò Gbó: Ìrírí Wa Nídìí Kàtúùnù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Kubwa

Ìrírí tèmi nìyí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá ní ọjọọjọ́ Sátidé ní Kubwa, l'Ábùjá, pinnu láti sọ ọ̀kan nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Arthur Conan Doyle di kàtúùnù fún wọn. "Silver Blaze", tó jáde ní 1892, la mú: ẹṣin kan tí wọ́n fẹ́ fi díje pòórá lóru, wọ́n sì bá òkú olùkọ́ ẹṣin náà nínú pápá. Ohun tó tú àṣírí fún Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn náà, ni pé ajá tó wà nílé ẹṣin kò gbó, nítorí ẹni tó wá mú ẹṣin náà kì í ṣe àjèjì sí i. Olùkọ́ ẹṣin fúnra rẹ̀ ni.

A yí díẹ̀ padà. Ẹṣin náà di ẹṣin Hawan Sallah, ìwọ́de àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà ọdún, ní Zaria. Ọbẹ̀ kọ́rì tí wọ́n fi bo adùn oògùn tó kun ọmọ-ọ̀dọ̀ lóorun di sùyà tí yájì rẹ̀ pọ̀. Olùkọ́ ẹṣin kò sì kú mọ́, ẹṣin ta á nípàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹnì kan ní kí a sọ gbogbo wọn di ẹranko, bí àwọn ará Japan ti sọ Holmes di ajá nínú kàtúùnù alápá 26 tó jáde ní 1984. Mo kọ̀: bí gbogbo ìlú bá ti di ajá, ajá wo la ó bi léèrè ìdí tí kò fi gbó?

Ìdákẹ́jẹ́ ajá yìí gan-an ló mu wá lómi. Òǹkàwé lè ka ìwé kọjá láì fura, ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò ṣeé yà. A wá jẹ́ kí ajá náà gbó mọ́ mẹruwà tó ń ta omi, kí ó gbó mọ́ onísùyà, kódà kí ó gbó mọ́ ewúrẹ́ lọ́sàn-án, kí ohùn rẹ̀ lè mọ́ àwọn ọmọ létí; nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a kò ya ajá mọ́, ìró ìrẹ̀ nìkan ló ń dún. Ìṣẹ́jú 6 péré ni, àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4,320, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tún ọ̀pọ̀ nínú wọn lò.

Nígbà tí a fi hàn wọ́n, kò sí ọmọ kankan tó rí ojútùú rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu, àfi ìgbà tí a tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa: ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa fi ohùn sí i rí i pé ibẹ̀ dákẹ́, ó rò pé a gbàgbé ni, ó sì fi tọkàntọkàn fi ajá tó ń gbó kún un. A yọ ọ́ kúrò, a sì pe àwọn ọmọ mìíràn tí kò tíì wò ó. Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó la ẹnu, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àǹtí, ajá yẹn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!"