Ìyá tó ń fọ́ òkúta kì í pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ká máa pe ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣègùn fi ń wo ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún ara ẹni tó ń ṣe é ní "ìlera òṣìṣẹ́". Ẹni méjì ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹnì kan ní ká kúkú pè é ní "ìlera iṣẹ́", àbúrò wa kan sì so ó pọ̀ di "ìleraṣẹ́" kó lè rọrùn fún àkọlé ìwé. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fara mọ́ ọn. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn tí wọ́n tìtorí wọn dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, wọn kò sì dá a mọ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú máa ń gbé ìwé ìbéèrè wọn wá kí n bá wọn yí i sí Yorùbá. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí á sì dá Yorùbá mi padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí èyí tó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan ti ṣìnà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ àpilẹ̀kọ másítà rẹ̀ lórí àwọn obìnrin tó ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta lẹ́bàá Iléṣà gbé tirẹ̀ wá. "Ìlera òṣìṣẹ́" ni mo kọ síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹni kejì dá a padà, òṣìṣẹ́ ìlera ló gbé wá: nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ojúlé dé ojúlé.

Mo rò pé ẹni náà ni kò fara balẹ̀. Mo bá ọmọ yìí lọ sí Iléṣà.

Ìyá kan jókòó sórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Ó gé rọ́bà táyà, ó ká a bí òṣùká, àárín rẹ̀ ló ń ki òkúta sí kó má baà ta dànù, ó wá ń fi òòlù lù ú. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá balẹ̀ ni eruku funfun ń rú díẹ̀ sókè, tó ń bà lé e lójú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun bí ti ẹni tó ti ń jọ èlùbọ́ láti àárọ̀. Ọmọ yìí kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, ó bi í pé láti ọdún wo ni wọ́n ti di òṣìṣẹ́. Ìyá wò wá títí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi ni òṣìṣẹ́, ó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ò ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Òkúta ni mò ń fọ́."

Mi ò tíì rí ìgbà tí mo ka ìwé ìmọ̀ èdè tó bọ́ sí mi létí tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ò-ṣe-iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́, pé bí a bá fẹ́ tú u palẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ti mú un lọ síbòmíì. Ẹni tó ń gba owó oṣù ni òṣìṣẹ́. Òun ló ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, òun ló ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ta ló ń pe onídìrí ní òṣìṣẹ́? "Ojú gbooro o" là ń kí i. Aláró, "àrẹ̀dú o". Àgbẹ̀ kòkó tó gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn, àgbẹ̀ ló ń jẹ́. Ajórin-mọ́rin àti fúkanáísà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ wá góòlù ní agbègbè Ìtagúnmódì, awakùsà ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gan-an fi bí ara ṣe rí nídìí òwò sọ oníṣòwò aṣọ lórúkọ: òṣómàáló, ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Orúkọ iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ kò sì kó wọn já.

Ohun tó sì dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn tí "òṣìṣẹ́" fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ̀kọ́ náà tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀. Ní 1700, ní ìlú Modena ní Ítálì, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini kọ ìwé lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Orí àwọn awakùsà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lé àwọn tó ń fi mẹ́kúrì kun góòlù sára nǹkan. Òun ló sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n máa ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, ILO, wá jókòó ní 1950 láti sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́, wọ́n ní ti gbogbo iṣẹ́ pátá ni.

Ní ti "ìlera iṣẹ́", ṣé iṣẹ́ ló ń ṣàìsàn ni? "Ìleraṣẹ́" tilẹ̀ tún léwu jù ú lọ. Iṣẹ́, re mí, ni à ń sọ. Ìṣẹ́, dò mí, ni òṣì. Bí fáwẹ̀lì kan bá pajẹ, ìyẹn ni pé ó bọ́ dànù, nínú àpapọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, àmì kékeré kan ṣoṣo ló kù tó máa ya ìleraṣẹ́ sọ́tọ̀ sí ìleràṣẹ́, gbogbo wa la sì mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ẹ wo "arun ise" bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá kà á sí àrùn òṣì á káàánú ìyá yẹn, á fún un lówó, á kọjá lọ. Kò ní béèrè eruku.

Ó wá ku "ibi iṣẹ́" àti "ẹnu iṣẹ́", tí àwọn kan ti mẹ́nu bà. Mo gbìyànjú méjèèjì. Ibi iṣẹ́ jẹ́ ojú ibì kan, àrùn kì í sì í dúró síbẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú òkúta góòlù, inú agbo ilé ni wọ́n sì ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ibi iṣẹ́.

Ẹnu iṣẹ́, ní tirẹ̀, àsìkò ló ń sọ. Ẹni tó fẹ̀yìn tì, ẹnu iṣẹ́ ló ti kúrò. Eruku òkúta sì lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kó tó di pé èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àìsàn tí eruku yẹn ń fà kò ní ìwòsàn, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ìyá bá ti gbé òòlù jù sílẹ̀ tipẹ́ kí àìsàn náà tó yọjú, ṣé a ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á nítorí pé wọn kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́? Mo fẹ́ kí a fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ fún jàǹbá, nítorí jàǹbá ní ọjọ́, ó ní wákàtí. Òfin owó gbà-má-bínú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010 náà dárúkọ àrùn lọ́tọ̀, ó dárúkọ jàǹbá lọ́tọ̀. (Ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ni òfin yẹn wà fún, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí àpò náà. Ìyá kò ní ọ̀gá kankan.)

"Nídìí iṣẹ́" ni mo mú wá síwájú yín. Ìlera nídìí iṣẹ́. Àrùn tí a kó nídìí iṣẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìdí ń ṣe fún wa. Ó ń sọ ibi tí ènìyàn wà, nídìí ọjà, nídìí ẹ̀rọ, nídìí ààrò. Ó tún ń sọ ohun tó fa nǹkan: ìdí tí mo fi wá, ìdí abájọ. Kò sí ọ̀rọ̀ míì tí mo rí tó ru ibi àti okùnfà pọ̀ báyìí, ohun méjèèjì náà ni ẹ̀kọ́ yìí sì ń wá. Wá ìdí náà ló wà nínú ìwádìí tí àwọn ọmọ wa ń torí ẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ ní láti jẹ nídìí pẹpẹ, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n ti ń jẹ náà ni wọ́n ti ń fa eruku símú.

Bàbá kan ní Iléṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ta ko mi. Wọ́n ní bí mo bá kọ "àrùn ìdí iṣẹ́", kí ẹni tó ń kà á tó dé iṣẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi yọ "ní" kúrò. Nídìí kò lè jẹ́ ara ènìyàn níbẹ̀. Ó gùn díẹ̀, mo gbà. Ó tọ́ kó gùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè bí eruku tàbí oògùn ṣe ń dé ara ènìyàn, bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe pẹ́ tó. "Ìfarahàn sí eruku" ni mo bá nínú ìwé ìbéèrè kan. Áńgẹ́lì ló ń fara hàn. "Ìfaragbá" sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó faragbá ti fara pa ná, bẹ́ẹ̀ ẹni tí eruku ń dé ara rẹ̀ lè máà tíì ní nǹkan kan. Mo fi orúkọ sílẹ̀, mo kọ ìṣe: "Wákàtí mélòó lẹ fi ń fa eruku yìí símú lóòjọ́?" Ẹni kejì dá a padà, ó sì bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Mi ò rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ ká sọ di orúkọ. Ní Ifẹ̀ níbí ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè gba ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ jáde kò wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò wúlò fún tèmi náà.

Ẹ lè bi mí pé ìyá tó ní òun kò ṣiṣẹ́, ṣé "nídìí iṣẹ́" á yé wọn? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀. Àǹfààní ìdí náà ló tún yọ níbẹ̀: bí a bá dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, a lè yọ iṣẹ́ kúrò ká fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rọ́pò. Nídìí kòkó. Nídìí irin. Òṣìṣẹ́ kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, ohun tí ọmọ yìí béèrè ni, "Mà, láti ìgbà tí ẹ ti wà nídìí òkúta yìí, kí lẹ ti kíyè sí lára yín?"

Ìyá gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Nídìí òkúta? Ọdún kọkànlá rèé." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ikọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa dá ìwé ìbéèrè náà padà fún ọmọ yìí kó lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lórí ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju nídìí iṣẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n rí i kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo sì ń wá ohun tí a ó pe àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn ṣa òkúta jọ lẹ́yìn ilé ìwé, nítorí ọmọ mẹ́rin ni mo kà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, "ẹni tó wà nídìí iṣẹ́" kò sì rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ síwájú orúkọ wọn.